Oko tẹ́ẹ̀kì kì í ṣe ẹgàn

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Láti 1985 ni a ti ń gbin igi ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa yìí, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti dùn mí ni ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé igbó ti padà sí Kétu, tí ẹ wá fi àwòrán igi tẹ́ẹ̀kì tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ bí ọmọ iléèwé gbè é lẹ́sẹ̀.

Mo mọ ibẹ̀. Èmi àti ìyá ìyàwó mi, tó ń ta egbò igi lọ́jà, gba inú rẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ewé gbígbẹ ń dún pàràpàrà lábẹ́ bàtà wa. Mo já ọ̀mùnú ewé kan, mo fọwọ́ ra á, àtẹ́lẹwọ́ mi pọ́n bí ẹni fọwọ́ kan osùn. Kò sí ìgbín, kò sí olú, ìtàkùn kankan ò lọ́ mọ́ igi. Ìyá wò yíká, wọ́n ní: "Bàbá Ìbejì, kí la wá ṣe níbí?"

Àwọn baba wa kì í fi orúkọ kan pe gbogbo ibi tí igi bá wà. Ọ̀dàn wà, níbi tí koríko ti pọ̀ ju igi lọ. Igbó wà, tó hù padà lórí ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹgàn sì wà, ibi tí ọkọ́ ò dé rí, tàbí tó ti pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí poro ẹni tó ro ó kẹ́yìn. Tẹ́ẹ̀kì ò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oko ni. Èmi náà ní ìdajì hẹ́kítà rẹ̀ tí mo fi ń retí owó iléèwé àwọn ìbejì. Àmọ́ lójú FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ìdajì hẹ́kítà tí igi ibẹ̀ lè ga tó mítà 5, tí òjìji wọn sì bo ìdá 10 nínú 100 ilẹ̀ náà, igbó ni. Wọn ò ka irú oko ọ̀pẹ àti ti eléso mọ́ ọn. Èmi náà ti di onígbó nìyẹn! Kí wọ́n gé ìrókò tó ti lo 200 ọdún, kí wọ́n fi tẹ́ẹ̀kì dípò rẹ̀, ìwé á ṣì máa sọ pé igbó ò dín.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé bá àwọn ará ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣáájú wa. Igi páìnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní longleaf, ó lè lo 300 ọdún. Ilẹ̀ tó bò nígbà kan tó mílíọ̀nù 36 hẹ́kítà. Èyí tó kù báyìí kéré gan-an. Wọ́n gbin páìnì mìíràn tó ń yára dàgbà. Igi pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ àkókó kan wà tó jẹ́ pé ara àgbà páìnì tó ṣì wà láàyè, tí inú rẹ̀ ti ń jẹrà, ló ń gbẹ́ ilé sí. Kò rílé mọ́. Igbó longleaf yẹn ò ṣókùnkùn rárá: koríko ló wà lábẹ́ rẹ̀, iná sì gbọ́dọ̀ kọjá níbẹ̀ lọ́dún méjì mẹ́ta síra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi mìíràn á bò ó. Ìgbà tí wọ́n ń pa gbogbo iná ni nǹkan bàjẹ́. Aṣọ́gbó fúnra wọn ló ń sun ún báyìí. Kí ọdẹ kankan má fi èyí ṣe àwíjàre lọ́gbẹlẹ̀ o. Iná tó ń ran páìnì lọ́wọ́ ló ń pa ọmọ ìrókò tiwa.

Ìrókò náà ò sì gba títò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́. Kòkòrò kan báyìí, Phytolyma, máa ń yé sí ọ̀mùnú rẹ̀, ewé á wú bí eéwo, orí igi á kú. Bó bá fọ́n ká láàárín igi mìíràn, lábẹ́ òjìji, ló ti ń rọ́nà yè. Àdán ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín: ó jẹ èso rẹ̀, ó fò lọ, ó yàgbẹ́ kóró síbi tó bá wù ú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara igbó òrìṣà, tí ìwé àṣẹ ìjọba ti dárúkọ láti 2012. Ká fi etí rẹ̀ sílẹ̀ kó fẹ̀ sí i, kí àdá má wọ̀ ọ́, kí igi tó bá wó máa jẹrà níbi tó wà. Ìrókò kan wó nínú ti àdúgbò wa lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹnì kan gbé ẹ̀rọ agégi dé, àwọn àgbà dá a padà. Nígbà òjò tó kọjá, ìyá ìyàwó mi tu olú kún abọ́ lára rẹ̀. Ẹ wá ya àwòrán ìyẹn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Kétu