Fíláàṣì ni kí o lò, má wá síídì

Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí àwọn ará ilé. Ọ̀rọ̀ láàpútọ́ọ̀pù rẹ tí o fẹ́ gbé Windows tuntun sí, àmọ́ tí kò ní ojú síídì, kò le rárá. Má wulẹ̀ náwó sórí ẹ̀rọ síídì. Fíláàṣì 8 GB kan ti tó láti fi gbé Windows 10 tàbí 11 sórí ẹ̀rọ. Kó ohun tó wà lórí rẹ̀ síbòmíràn ná, torí gbogbo rẹ̀ ni yóò pa rẹ́. Bó bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 64 GB sí lára, fi H2testw, ètò kan tó ń yẹ ìwọ̀n fíláàṣì wò, yẹ̀ ẹ́ wò. Ayédèrú pọ̀ níta, wọ́n á sì máa ba fáìlì jẹ́ láìsọ fún ọ.

Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́, dáúnlóòdù ISO (fáìlì kan ṣoṣo tó kó gbogbo Windows sínú) láti ojúlé Microsoft gan-an, kí o wá Rufus, ètò tó ń gbé ISO sórí fíláàṣì, mọ́ ọn. Jọ̀ọ́, má kàn da ISO náà sórí fíláàṣì bí ẹni ń da orin sí i. Ńṣe ló dà bí gàrí Ìjẹ̀bú tó ṣì wà nínú àpò tí wọ́n rán lẹ́nu: ẹ̀rọ kò ní rí ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Rufus ló ń tú u, tó sì ń tò ó.

Ibi tó gba àkíyèsí jù nìyí. Rufus yóò bi ọ́ bóyá GPT ni àbí MBR, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà pín díìsìkì. Má méfò. Bí Windows orí láàpútọ́ọ̀pù náà bá ṣì ń ṣí, tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, kọ msinfo32, kí o wo iwájú "BIOS Mode", ibi tó ń sọ ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ UEFI (ọ̀nà tuntun), GPT ni; bó bá jẹ́ Legacy (ọ̀nà àtijọ́), MBR ni. Ẹni tó bá ṣì í yàn, fíláàṣì rẹ̀ lè má hàn rárá, tàbí kí ẹ̀rọ dá a dúró láàárín iṣẹ́ pé òun kò lè gbé Windows sórí díìsìkì yẹn. Àwọn kan á ní kí o pa gbogbo partition (ìpín orí díìsìkì) rẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ fọ́tò àti ìwé rẹ yóò bá a lọ. Tún fíláàṣì ṣe kó bá díìsìkì mu, ìyẹn ló dára.

Bí Rufus bá yan NTFS dípò FAT32 (ọ̀nà méjì tí a ń gbà to fáìlì sórí fíláàṣì), fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. FAT32 kì í gba fáìlì tó bá tó 4 GB, bẹ́ẹ̀ install.wim, fáìlì ńlá inú ISO tó gbé Windows fúnra rẹ̀, sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ki fíláàṣì bọ láàpútọ́ọ̀pù, tan án, kí o máa tẹ F12 léraléra bó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, F9 bó bá jẹ́ HP, títí àkójọ ibi tí ẹ̀rọ lè ti bẹ̀rẹ̀ yóò fi jáde, kí o yan fíláàṣì níbẹ̀. Bí díìsìkì kò bá hàn nígbà tó bá ní kí o yan ibi tí yóò gbé Windows sí, má rò pé ó ti kú. Láàpútọ́ọ̀pù Intel ìran kọkànlá sókè sábà máa ń fẹ́ dráífà VMD, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows rí díìsìkì. Gbà á lójúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, tú u sórí fíláàṣì, kí o tẹ "Load driver".

Jẹ́ kí bátìrì kún dáadáa kí o tó bẹ̀rẹ̀, nítorí iná. Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ pa tó sì tún fẹ́ tan, yọ fíláàṣì, kó má baà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá há níbì kan, ya fọ́tò ohun tó kọ sójú rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́