Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń lọ ṣe pásítọ̀ àlejò ní Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò mi,

Ẹ kú oríire, ìwọ àti ìyàwó rẹ. Màámi ti pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ní físà ti bọ́ sí i, wọ́n sì ti ń wá ẹni tó máa bá wọn ra kóòtù fún ọ. Bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi owó wọn pamọ́. Kóòtù tí wọ́n ń tà nílé, ojú lásán ló wà fún. Nígbà tó o bá débẹ̀, wá àwọn ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń ṣí káàkiri àdúgbò, wàá rí èyí tó nípọn rà lówó pọ́ọ́kú. Ọ̀rọ̀ òtútù parí síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti lọ rí ló máa bá ọ sọ ọ́ títí etí rẹ yóò fi kún.

Èyí tí n kò rí ẹni sọ fún mi kí n tó lọ ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n á ti kìlọ̀ fún ọ nípa òyìnbó: pé wọn kì í rẹ́rìn-ín, pé wọn kì í ṣe àmín, pé ìwàásù kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 20. Òótọ́ ni ti ìwàásù, gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìjọ onírúurú ẹ̀yà tí ò ń lọ yìí, tí èmi náà ti ṣe àlejò rí, òyìnbó kọ́ ló máa mú kí iṣẹ́ rẹ ṣòro. Àwa ni. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ máa fẹ́ràn rẹ tọkàntọkàn, wọ́n á sì fẹ́ fi ìfẹ́ yẹn sọ ọ́ di tiwọn nìkan.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, bí o bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á ti mọ̀ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ́. Bí ìsìn bá ti tú, wọ́n á yí ọ ká lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀. "Pásítọ̀ wa, ẹ káàbọ̀ o, Ọlọ́run ti rántí wa." Àwọn tó kù nínú ìjọ á dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ife tíì wọn, wọn ò ní ráàyè kí ọ. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí ẹ dá ìṣọ́ òru sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní Yorùbá, nítorí pé àwọn òyìnbó yìí kò mọ àdúrà gbà. Má bínú sí i. Ẹrù tó wà lórí rẹ̀ pọ̀: ìwé ìgbélùú tí kò tíì jáde, iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó, ọmọ tí kò gbọ́ràn mọ́. Ó fẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè òun bá òun ké pe Ọlọ́run. Bá a gbàdúrà nílé rẹ̀, ní Yorùbá, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n má dá ìjọ kejì sílẹ̀ sínú ìjọ tí wọ́n pè ọ́ sí.

Bó bá jẹ́ ìjọ Yorùbá ni ènìyàn ń wá, kò wọ́n. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú 240 ní agbègbè Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Bó o bá gba Old Kent Road kọjá, wàá rí i: ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́, òkè ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti gbé pátákó ìjọ kọ́. Yorùbá tó gba ẹnu ọ̀nà Rìdíìmù, Sẹ̀lẹ́ àti Kérúbù kọjá, tó wá lọ jókòó sáàárín ará Kóńgò, ará Kòlóńbíà àti tọkọtaya tó ti Hong Kong dé lẹ́yìn tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣílẹ̀kùn físà fún wọn ní 2021, ohun kan ló ń wá níbẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ lè dárúkọ rẹ̀.

Àwọn tí mo fẹ́ kí o fiyè sí jù ni àwọn ìyá Jàmáíkà. Èrò ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush, tó kó ará Jàmáíkà wá sí Ìlú Ọba, sọ̀kalẹ̀ ní èbúté Tilbury ní June 22, 1948. Àwọn tó tẹ̀lé e wá lẹ́yìn náà kì í ṣe kèfèrí. Baptist, Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n láti ilé wá. Púpọ̀ nínú wọn ló wọ aṣọ tó dára jù, tí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tí olùṣọ́-àgùntàn sì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn, tó rọra sọ fún wọn pé kí wọ́n má padà wá, kí inú àwọn ọmọ ìjọ òun má baà bàjẹ́. Àwọn kan lọ dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Àwọn kan kò lọ. Àwọn tí kò lọ yìí ló ń kọ́ ọmọdé ní Bíbélì, tí wọ́n ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń wá owó tí wọ́n á fi tún òrùlé ṣe, nígbà tí àwọn òyìnbó ń kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Kent díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwa dé, ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, pẹ̀lú gèlè wa àti ìlù wa. A pọ̀, a sì lágídí. Díákónì di Yorùbá, ẹgbẹ́ akọrin di Yorùbá. Ìyá tí wọ́n ti lé lẹ́nu ọ̀nà rí nígbà èwe rẹ̀ wá ń wò ó pé àwọn tí àwọ̀ wọn jọ tòun ló tún ń ti òun sí etí ògiri. Kò ní bá ọ jà. Á kàn máa wò ọ́, bóyá ọ̀kan sí i náà ni ìwọ. Kí i kí o tó kọjú sí àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀, má sì pe orúkọ rẹ̀ ní ṣákálá. "Sister" ni wọ́n ń fi ṣáájú. Bàbá òyìnbó ẹni ọgọ́rin ọdún ní tirẹ̀ á ní kí o pe orúkọ òun láìfi nǹkan kan kún un, wàá sì pè é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ ń yún ọ létè.

Ka Ìṣe Àwọn Aposteli orí 6 kí o tó wọ bàálù, kì í ṣe fún ìwàásù o, fún ara rẹ ni. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló fẹ́ẹ́ tú ìjọ Jerúsálẹ́mù ká. Àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ni wọ́n ń fò nínú ìpín ojoojúmọ́. Wo ohun tí àwọn Aposteli ṣe: wọn kò gun orí àga lọ wàásù ìṣọ̀kan. Wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin 7, nígbà tí orúkọ sì jáde, Stefanu, Filippi, Prokoru, Nikanori, Timoni, Parmena àti Nikola ará Antioku, orúkọ Gíríìkì ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ènìyàn tó ń ṣàròyé ni wọ́n kó ìpín lé lọ́wọ́.

Nítorí náà, yà sí kíṣìnnì kí o tó yà sí orí àga ìwàásù. Nígbà tí mo débẹ̀, bí wọ́n bá ti ṣe àjọjẹ ìparí oṣù, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wa ló máa ń gba gbogbo tábìlì, ata rẹ̀ á máa ta ènìyàn nímú láti ìta. Bàbá òyìnbó kan máa ń mu tíì pẹ̀lú bisikíìtì méjì, á ní òun ti yó. Ìyàwó ará Hong Kong kan máa ń gbé abọ́ tirẹ̀ sí igun tábìlì, á sì gbé e padà lọ sílé bó ṣe gbé e wá. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo gbé àwo lọ síbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, mo bu oúnjẹ rẹ̀, mo jẹ ẹ́, mo tún padà lọ bù sí i. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, àwọn díákónì pín in: àwọn Jàmáíkà se ìrẹsì ẹlẹ́wà olómi àgbọn, ará Kòlóńbíà dín arepa wọn tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, àwa sì gbé ata tiwa sínú abọ́ ọ̀tọ̀. Àwọn ìyá wa kan bínú o. Mo jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ìsìnkú ni wàá fi mọ̀ bóyá o ti di pásítọ̀ gbogbo wọn. Àwa, tí a bá ti ní erùpẹ̀ fún erùpẹ̀, tí a bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sí i, ọkàn wa ti wà níbi àsè. Ti Jàmáíkà kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ọjọ́ ìsìnkú tó kò, wọ́n á ti ṣe àìsùn tí wọ́n ń pè ní Nine Night, pẹ̀lú orin, dómínò àti ẹja díndín. Lọ síbẹ̀, kí o sì jókòó pẹ́. (Bí ọtí rọ́ọ̀mù bá ń kọjá níwájú rẹ, máa wo ibòmíràn.) Ní itẹ́ òkú, bí o bá ti parí àdúrà, má tíì yí ẹ̀yìn padà. Àwọn ọkùnrin á bọ́ kóòtù dúdú, wọ́n á ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, wọ́n á gba ṣọ́bìrì. Àwọn fúnra wọn ló ń bo òkú wọn. Bí ó bá rẹ ọ̀kan, òmíràn á gbà á, àwọn ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ náà á gbà á. Àwọn obìnrin á máa kọrin, orin kan kò ní tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi ru sókè, tí wọ́n á to òdòdó lé e lórí. Ó máa ń pẹ́. Òjò lè máa pa yín. Gba ṣọ́bìrì. Bàtà rẹ á bàjẹ́, àmọ́ ìyá tó ti ń wò ọ́ láti ọjọ́ tó o dé á rí i.

Nípa èdè, Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn ni kí o fi wàásù, kí o sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíra ní èdè oníkálukú. "Mbote" lásán tó o bá sọ sí ará Kóńgò, inú rẹ̀ á dùn dalẹ́. Bowen tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1850, òyìnbó Amẹ́ríkà tó mú Baptist wá bá wa, kọ́ Yorùbá débi pé ó ṣe ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n tẹ̀ ní 1858. Tìrẹ kò tó bẹ́ẹ̀. Bó bá kan Àdúrà Olúwa, jẹ́ kí olúkúlùkù gbà á ní èdè tó fi kọ́ ọ. Ohùn á dàrú, kò ní parí pa pọ̀. Dúró de ẹni tó máa parí gbẹ̀yìn. Àwa la sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe àmín.

Ọ̀kan wà tí kò gba àwàdà. Wọ́n á fún ọ ní fọ́ọ̀mù, wọ́n á kọ́ ọ nípa ààbò ọmọdé, wọ́n á ní o kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Àwọn kan nínú wa máa ń bínú pé ṣé wọ́n pe àwọn ní ọ̀daràn ni. Má bá wọn bínú. Victoria Climbié, ọmọ ọdún 8 láti Côte d'Ivoire, kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní February 2000, lẹ́yìn tí ìbátan tó mú un wá àti ọkùnrin rẹ̀ ti fi ìyà jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ti gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà kó tó kú, pé ẹ̀mí burúkú ló wà lára rẹ̀. Bí òbí kan bá fa ọmọ wá bá ọ pé àjẹ́ ni, ẹni tí ìjọ yàn fún ààbò ọmọdé ni kí o kọ́kọ́ pè, lọ́jọ́ náà gan-an, kí o tó gbé ọwọ́ lé orí ẹnikẹ́ni.

Owó ńkọ́? Wọ́n á tẹ àpòòwé mọ́ ọ lọ́wọ́ níbi tẹ́ ẹ ti ń bọwọ́, "Pásítọ̀, ẹ fi ra nǹkan tútù." Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọrẹ tó bá gba ọwọ́ akápò, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń san owó orí tó sì buwọ́ lu ìwé, Ìjọba á fi pẹ́ńsì 25 kún pọ́ńún kọ̀ọ̀kan fún ìjọ. Gift Aid ni wọ́n ń pè é. Èyí tó bọ́ sí àpò rẹ, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nìkan ló máa bí. Mú un lọ bá akápò lójú ẹni tó fún ọ. Bí wọ́n bá sì ń dìbò ní ìpàdé ìjọ, panu mọ́, àlejò ni ọ́.

Tó bá kù díẹ̀ kí o padà, àwọn ará wa á ti yan àǹkárá ìdágbére kí o tó gbọ́. Kọ̀ ọ́, àfi bí gbogbo ìjọ bá máa dá a, kí àwọn ará Hong Kong náà bá wọn nájà ní Rye Lane. Nígbà tèmi, bàbá onítíì yẹn wọ búbá àti ṣòkòtò, fìlà rẹ̀ ń bọ́ sójú, ó ní òun kò ní bọ́ ọ títí òun á fi délé. Akọ̀wé ìjọ ní fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù. Ní kó fi hàn ọ́, kó sì bá mi fi ránṣẹ́; fóònù mi tó ní i ti bọ́ sómi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ