Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Èsì Ìwádìí Tí Ẹ Ṣe Lára Wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti pẹ́ lọ́kàn mi, mi ò sì mọ ibòmíràn tí mo lè gbé e gbà kó fi dé etí àwọn tó kàn.

Iṣẹ́ pákó ni mo ń ṣe ní Ìlọrin níbí. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń dúró ti ẹ̀rọ ìlagẹdú ní sọ́míìlì. Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti wá bá wa níbi iṣẹ́, àwọn tó ti gboyè àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kàwé másítà lórí ìlera òṣìṣẹ́. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n máa ń mú wá. Ṣé ẹ mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ lè ba etí jẹ́? Ṣé ẹ máa ń fi nǹkan bo imú? Ṣé ẹ ti fara pa rí? A óò dá wọn lóhùn, àwọn tí kò mọ̀wé nínú wa á tẹ̀ka síbi tí wọ́n bá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á pín píọ́wọ́tà fún wa, ó tán. Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin yẹn, a ò gbúròó wọn mọ́ títí di òní.

Mi ò kọ̀wé láti bú wọn o. Ọmọ wa ni wọ́n, ìwé tí wọ́n ń kà náà ṣe pàtàkì, bóyá ni ìwé kan wà tó kan tálákà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n etí mi, ẹ̀dọ̀fóró mi àti ọjọ́ orí mi wà nínú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan lórí pẹpẹ níbì kan, ẹni tó kọ ọ́ sì ti fi gboyè. Kí ni wọ́n rí? Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, bí kì í bá ṣe èmi?

Ẹnì kẹrin ló jẹ́ kí n mọ ohun tí a ti ń pàdánù. Ọmọbìnrin ni, ìgbà ọyẹ́ ló wá. Òun náà mú fọ́ọ̀mù dání, ṣùgbọ́n ó tún mú ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń wọn ariwo. Ó kúnlẹ̀ kí wa tán, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró ti yín bí ẹ bá ń la pákó.” Igi apá la wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá mọ apá mọ̀ bó ṣe máa ń ké lẹ́nu ayùn. Ó na ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ sẹ́bàá etí mi. Mo ń yọjú wo nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀, désíbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n ariwo náà: 94, 96, 97. Nígbà tí ayùn bọ́ sójú kókó, ó di 99.

Nígbà tí a pa ẹ̀rọ, ó mú mi lọ sábẹ́ ibòji lẹ́yìn òkìtì gẹdú, ó sì ṣàlàyé. Ó ní bí ariwo bá jẹ́ 85, ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Tó bá ti fi mẹ́ta lé sí i, àkókò náà dín sí ìdajì: 88, wákàtí mẹ́rin, 91, wákàtí méjì, 94, wákàtí kan. Mo ń bá a kà á lórí ìka. Nígbà tó dé 97, ó ku ààbọ̀ wákàtí. Ààbọ̀ wákàtí! Aago mẹ́jọ àárọ̀ lèmi ti máa ń bẹ̀rẹ̀, mi ò sì kí ń kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá pe ìrun Ásárì.

Ló bá bi mí ní ìbéèrè kan tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ohùn ta ni ẹ kì í gbọ́ dáadáa nílé?” Mo dákẹ́. Ohùn ìyàwó mi ni, àti ti ọmọ-ọmọ mi obìnrin. Tí ọkùnrin bá ń bá mi sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni etí tí ariwo bá bà jẹ́ ṣe máa ń rí, pé àwọn ohùn tínínrín ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ó ní irun wínníwínní kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ, tí ariwo bá ti pa á, kì í hù mọ́, kò sì sí oògùn tó lè hù ú. Olóòtú, ìyàwó mi ti ń bínú sí mi fún bí ọdún mẹ́ta pé mò ń dágunlá sí òun. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó ní àlàyé tí mo lè ṣe fún un.

Ọjọ́ kejì ló so ẹ̀rọ mìíràn mọ́ ìgbànú mi, ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ẹ̀yìn mi dé ọrùn ẹ̀wù, níbi tí mo ti ń mí. Ẹ̀rọ yẹn ń fa afẹ́fẹ́, líta méjì ní ìṣẹ́jú kan, ó ń gbà á kọjá lára bébà pélébé kan. Wọ́n ti wọn bébà náà kó tó wá, wọn yóò tún un wọ̀n tó bá padà, èyí tó bá fi lé sí i ni eruku tí mo fà símú. Nígbà tó yọ bébà náà nírọ̀lẹ́, ó ti pọ́n bí èkùru eléèpo. Ó fi hàn mí kó tó dé e mọ́nú ike. Láti 1995 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ ti ka eruku pákó mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà, imú ló sì máa ń mú. Àwa mọ̀ pé ìrókò ń mú ni sín, pé masóníà ń mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn sísín.

Níbi tí a ti ń retí kí iná dé ló ti sọ ìtàn dókítà ará Ítálì kan fún wa, Ramazzini, tó gbé ní ìlú Modena. Ọkùnrin kan ń kó ṣalángá ilé dókítà náà, ó ń yára ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń lé. Dókítà bi í pé kí ló dé. Ó ní ẹni tó bá pẹ́ nínú kòtò yìí, ojú rẹ̀ yóò fọ́. Dókítà wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó ti pọ́n, ó ti ń ṣú. Láti orí ọ̀rọ̀ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kiri, àwọn amọ̀kòkò, àwọn ahunṣọ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tẹ ìwé lé e lórí ní 1700. Ó ní kí gbogbo dókítà máa bi aláìsàn pé, “Iṣẹ́ wo lo ń ṣe?” Mo ti lọ sí ilé ìwòsàn lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ikọ́. Kò tíì sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó wá jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ni pé ọmọ náà padà wá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, tó ti dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó padà wá pẹ̀lú ojú ìwé kan ṣoṣo tó fi Yorùbá kọ. Ó kà á létí wa níbi ìpàdé ẹgbẹ́, àwọn àgbà béèrè ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìwé náà ṣì wà lára òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì wa. Owó ẹgbẹ́ la fi ra ìbotí, kì í ṣe owó ìjọba. A kì í jẹ́ kí ẹnì kan dá dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀, wọn ò sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbọn eruku kúrò lára ẹ̀wù mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó le. Ká ní ẹni àkọ́kọ́ tó wá ti sọ ọ́ fún wa ni, bóyá mo ṣì ń gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ mi.

Mo bi í pé kí ló dé táwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò mú ẹ̀rọ wá. Ó ní ẹ̀rọ ló wọ́n. Owó ara rẹ̀ ló fi yá èyí tó so mọ́ mi, ó ń san án lójoojúmọ́. Fọ́ọ̀mù kò náni ju owó bébà lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń mú fọ́ọ̀mù nìkan wá. Ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì wa gbogbo, àti Yunifásítì Ìlọrin tó wà láti 1975 àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀rọ yìí ló yẹ kẹ́ ẹ rà sílẹ̀ káwọn ọmọ máa yá a lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́ ẹ̀ ń bójú tó iṣẹ́ wọn, ẹ má ṣe buwọ́ lu ìwé ẹnikẹ́ni àfi tó bá fi hàn yín pé òun ti padà lọ bá àwọn tóun wádìí lára wọn. Ojú ìwé kan ni mo wí, ní Yorùbá.

Nítorí kì í ṣe àwa onípákó nìkan. Ẹ lọ wo àwọn ìyá oníkòkò ní Dàda, ní Òkèlele, nígbà tí wọ́n bá ń sun ìkòkò ní gbangba, bí èéfín ṣe ń bò wọ́n. Ẹ wo àwọn tó ń hun aṣọ-òkè, bí ẹ̀yìn wọn ṣe ń rí tí wọ́n bá dìde nídìí òfì. Àbúrò ìyá mi kan wà ní ìhà Ìgbómìnà tó fi gàárì yíyan tọ́ ọmọ márùn-ún. Èéfín igi ń wọ ojú rẹ̀, oró inú ẹ̀gẹ́ ń bá ooru agbada jáde sí i nímú, ó ń pè é ní òtútù. Tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá lọ sọ́dọ̀ wọn, kó jọ̀wọ́ kó padà.

Àwọn ìjọba náà ní tiwọn. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 1981 ti àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé lórí ààbò níbi iṣẹ́, láti 1994. Ní oṣù kẹfà 2022, àjọ náà ka ibi iṣẹ́ tí kò léwu mọ́ ẹ̀tọ́ tí kò ṣeé fi du òṣìṣẹ́ kankan. Òfin 2010 tó ń san owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa níbi iṣẹ́ dárúkọ etí tó bàjẹ́ pàápàá, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà jọ, èmi kò sì ní agbanisíṣẹ́. Ta ni yóò sọ fún wọn pé irú wa pọ̀ tó báyìí ní Kwara, bí kì í bá ṣe ìwádìí tí wọ́n gbé jáde síta?

Ẹgbẹ́ wa máa ń ṣe ìpàdé ní Alámísì kejì nínú oṣù, lẹ́yìn tí a bá kírun Ásárì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó wá ṣáájú yẹn, bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, kó mú ìwé rẹ̀ dání kó máa bọ̀. A ò ní bá a jà. A óò pa gbogbo ẹ̀rọ, a óò sì jókòó gbọ́ ọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onípákó kan,
Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara.