Sí Àdùkẹ́, lórí ọ̀rọ̀ Évian

Àdùkẹ́ ọmọ ìyá mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, àbí òtútù Geneva ti sọ ẹ́ di panla? Ara Màmá ti yá, iná kò sí láti ọjọ́ Ẹtì, Kọ́lá ti gbéyàwó. Ó tán. Ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí fóònù ló ń dùn mí: pé ṣe ni de Gaulle, ààrẹ Faransé nígbà náà, kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní kí Àlgéríà máa lọ. Irọ́ ni o!

Láti 1954 ni ogun ti ń jà. Ní ìpàdé Melun, nílẹ̀ Faransé, oṣù kẹfà 1960, Faransé ní kí FLN, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Àlgéríà, kọ́kọ́ dáwọ́ ìjà dúró kí ọ̀rọ̀ mìíràn tó wáyé. Ta ní máa gbà? Ìbọn yẹn ni gbogbo ọjà tí wọ́n gbé lọ́wọ́. Bí àwọn ọmọ ogun bá ti túká lọ sílé, kí ni wọ́n á tún fi dúnàá dúrà? Ìpàdé náà kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi dàrú.

Wọ́n dé Évian, ìlú Faransé létí adágún Geneva, ní 20 oṣù karùn-ún 1961. Ìjà kò dúró, ọ̀rọ̀ náà kò dúró. Àwọn FLN kọ̀ láti sun ilẹ̀ Faransé; Swítsàlandì ni wọ́n ń sùn, tí hẹlikọ́pítà ń gbé wọn sọdá adágún. (Olórí ìlú Évian, Camille Blanc, bọ́ǹbù ti pa á kí àlejò tó dé.)

Sàhárà ló da ìyẹn náà rú. Faransé ní kò sí lára Àlgéríà. Epo ti jáde ní Hassi Messaoud ní 1956, ìwọ náà ro ó. Ní Lugrin, nítòsí Évian, oṣù keje, ìpàdé tún fọ́. Oṣù kẹsàn-án ni de Gaulle tó fẹnu ara rẹ̀ jùwọ́ sílẹ̀ lórí aṣálẹ̀ yẹn, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó ń lọ. Ní oṣù kejì 1962 wọ́n fara pamọ́ sí Les Rousses, lókè gáréèjì ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì, wọ́n sì parí èyí tó le jù: èbúté ọkọ̀ ogun Mers el-Kébir fún Faransé fún ọdún 15, ibi ìdánwò bọ́ǹbù ní aṣálẹ̀ fún ọdún 5.

Ní 18 oṣù kẹta, Krim Belkacem nìkan ló fọwọ́ sí àdéhùn náà fún FLN. Faransé, ènìyàn mẹ́ta: Joxe, Buron, de Broglie. Ojú ewé 93! Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni kí ìbọn dákẹ́.

Ibi tó kù sí nìyí, Àdùkẹ́. Ìwé náà ní a kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni fún ohun tó ṣe nígbà ogun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni ìta kankan tí wọ́n fi ṣọ́ ọ. OAS, ẹgbẹ́ òkùnkùn àwọn Faransé tí kò fẹ́ kí Àlgéríà gba òmìnira, kò dáwọ́ bọ́ǹbù dúró. Wọ́n pa àwọn Harki, ìyẹn àwọn ọmọ ilẹ̀ tó bá Faransé jà, lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n fún ní ọdún mẹ́ta láti yan orílẹ̀-èdè tí wọ́n fẹ́ jẹ́ ọmọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti wọkọ̀ lọ kí 1962 tó parí.

Jọ̀ọ́, wọ ọkọ̀ ojú omi láti Lausanne, kí o ya fọ́tò Hôtel du Parc fún mi ní Évian. Àti pé ṣé òótọ́ ni ohun tí Kọ́lá sọ, pé o kò ní wálé fún Kérésì?

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́