Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Wáyà Fáíbà Tí Wọ́n Ń Gé Lábẹ́ Ọ̀nà

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀, àwọn Káńsẹ́lọ̀, àti Ọ̀gá Ẹ̀ka Iṣẹ́ Òde

Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fa íntánẹ́ẹ̀tì àti nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà sí ṣọ́ọ̀bù àti ilé-iṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà wa,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àmúmọ́ra. Àwa tí a kọ ìwé yìí là ń fa wáyà lábẹ́ ilẹ̀, àwa náà là ń gun òrùlé lọ so eriali mọ́ òpó, tí a sì ń to router, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, sí ṣọ́ọ̀bù, báńkì, ilé-ìwòsàn àti ilé ìkẹ́rù. Ohun tó gbé wa wá síwájú yín ni pé wọ́n ń fi katapílà àti dígà gé wáyà fáíbà, ìyẹn wáyà onígíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì, tó wà lábẹ́ ọ̀nà ṣáá. Ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, kò sì sí ibi kan pàtó tó ti lè béèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Bí fáíbà bá gé láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ̀rọ POS á dákẹ́. Oníbàárà á dúró ti káńtà pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, ọlọ́jà ò sì ní mọ̀ bóyá owó ti wọlé àbí kò tíì wọlé. Ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka mẹ́ta, tí gbogbo wọn jọ ń lo àkọsílẹ̀ ọjà kan náà lórí kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn, ẹ̀ka kan ò ní mọ ohun tí èkejì ti tà mọ́. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wo èsì àyẹ̀wò aláìsàn á máa wo ojú kọ̀ǹpútà tí kò dáhùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé àwa ni wọ́n ń bú.

Àwọn kan máa ń sọ fún wa pé, “Ṣebí Wáìfáì là ń lò, afẹ́fẹ́ ló ń gbà.” Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbà láti orí fóònù dé ìdí router, ìyẹn mítà díẹ̀ péré. Láti ibẹ̀ lọ, abẹ́ ilẹ̀ ni. Àwọn òpó ìbánisọ̀rọ̀ tí fóònù gbogbo wa gbára lé pàápàá, fáíbà ló so púpọ̀ nínú wọn mọ́ra. Bí ó bá gé, òpó á wà ní ìdúró, iná rẹ̀ á máa tàn, àmọ́ kò ní rí ọ̀nà gbé ọ̀rọ̀ lọ. Sátẹ́láìtì ńkọ́? Èyí tó dúró sójú kan lókè ìlà agbedeméjì ayé fi nǹkan bíi 35,786 kìlómítà jìnnà sí ilẹ̀, débi pé ìbéèrè tó gba ibẹ̀ lọ àti ìdáhùn tó gba ibẹ̀ padà á jẹ tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn tuntun tó ń fò nísàlẹ̀ yá ju ìyẹn lọ, a sì ń so àwo wọn mọ́ òrùlé àwọn tó jìnnà sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí, fáíbà la gbójú lé, kò sì tíì sí ohun tó rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí àtúnṣe ṣe rí, torí ẹni tí kò rí i rí lè máa rò pé wáyà iná lásán ni, tí èèyàn á kàn lọ́ pọ̀. Gíláàsì tín-ín-rín bí irun orí ló wà nínú rẹ̀. Ìnípọn rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 125, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ mílímítà kan, ibi tí ìmọ́lẹ̀ sì ń gbà láàárín rẹ̀ kò ju bíi máíkírómítà 9 lọ. Bí ó bá gé, a ó kọ́kọ́ wá ibi tó ti gé. A ó ki ẹ̀rọ bọ ẹnu wáyà láti ọ́fíìsì, ẹ̀rọ á ju ìmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀, á sì ka àkókò tí ìmọ́lẹ̀ náà fi ta padà. Níwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ti ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà nínú gíláàsì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀rọ á lè sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ìgbà yẹn la tó ń lọ gbẹ́ ilẹ̀. A ó bó ara wáyà, a ó fi spírítì nu gíláàsì, a ó gé ẹnu rẹ̀ kó tẹ́jú, a ó kó ẹnu méjèèjì pàdé nínú ẹ̀rọ tó ń fi iná jó wọn pọ̀. Bí eruku bíńtín bá bà lé e, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. A ó tún un gé, a ó tún un nù. Gíláàsì ẹyọ kan la ń wí yìí o. Wáyà kan lè ní 48 nínú, ó lè ní 96, ó lè ní 144. Inú kòtò ẹlẹ́rẹ̀ la ti ń ṣe é, lábẹ́ tapólì, nígbà míì lóru, tí fóònù ò sì yéé dún. Ojú ibi tí a bá jó pọ̀ tún máa ń jẹ díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, nítorí náà wáyà tí wọ́n bá ti gé léraléra kì í lágbára tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

A ò dá awakọ̀ katapílà lẹ́bi. Omi gbọ́dọ̀ dé ilé, gọ́tà gbọ́dọ̀ là, ibi tí wọ́n ní kó gbẹ́ ló ń gbẹ́.

Ohun tí a ń tọrọ jùlọ ni pé kí ẹ yan ọ́fíìsì kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbẹ́ ojú ọ̀nà máa kọ́kọ́ fi tó létí, kí ọ́fíìsì náà sì sọ fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Àwa fúnra wa á wá fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí wáyà gbà, a ò sì ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A ti ṣe tán láti kó àwòrán gbogbo ibi tí wáyà wa wà sílẹ̀ fún yín. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà 811 ni wọ́n ń pè kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ jákèjádò ibẹ̀ láti 2007. Ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n fi ń sàmì sí wáyà ìbánisọ̀rọ̀, búlúù ni ti omi tí wọ́n ń mu. Ètò náà kò le, kò sì gba ẹ̀rọ ńlá kan.

Èkejì, nígbàkígbà tí ẹ bá ń ṣe ọ̀nà tuntun tàbí tí ẹ bá ń tú èyí tó wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ri páìpù òfìfo mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, pẹ̀lú kòtò onídérí lójú ibi tó yẹ. Gbogbo ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì á máa ti wáyà tirẹ̀ gba inú rẹ̀, wọ́n á sì máa san owó ìlò fún ìjọba ìbílẹ̀. Gbígbẹ́ ilẹ̀ ló ń jẹ owó jù nínú iṣẹ́ wa, kì í ṣe wáyà. Bí kòtò bá ti wà ní ṣíṣí, páìpù kò fi nǹkan púpọ̀ kún ìnáwó, a ò sì ní máa wá fọ́ ọ̀dà títì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ pàjáwìrì tún wà níbẹ̀. Bí fáíbà bá gé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a ò lè fọwọ́ kan ilẹ̀ láìgba àṣẹ, títí di ọjọ́ Ajé tí ọ́fíìsì bá ṣí. Ẹ jẹ́ ká lè bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe lójú ẹsẹ̀, kí a sì kó ìwé wá ní ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó bá tẹ̀ lé e. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò bá dí kòtò rẹ̀ padà dáadáa, ẹ bu owó ìtanràn lé e; a fọwọ́ sí i.

Tí ẹ bá sì ń gbèrò Wáìfáì ọ̀fẹ́ fún ọjà tàbí ibùdókọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wá kí ẹ tó gbé e kọ́. Lórí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú ìgbì afẹ́fẹ́ tí Wáìfáì ń lò, ìkànnì mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni a sábà máa ń lò tí wọn kì í gorí ara wọn, àwọn ọlọ́jà sì ti ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbì 5 GHz ló máa dára jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

A ń retí ọjọ́ tí ẹ máa fún wa láti wá jókòó pẹ̀lú yín. A ó gbé àwòrán ilẹ̀ àti ẹ̀rọ tí a fi ń jó fáíbà pọ̀ dání, kí àwọn ẹnjiníà yín lè fojú ara wọn rí i.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́