Ọgọ́rin Ìrun Lójúmọ́?

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, bí mo ṣe ń wá bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà ilé-kéwú, ọmọkùnrin kan fà mí láṣọ. "Àáfà, àwọn tó ń gbé lójú ọ̀run, tí oòrùn ń yọ fún lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún lójúmọ́, ìrun mélòó ni wọ́n máa kí?" Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo fi máa dé Òkè-Fìà, mo ti ń ṣírò: ọgọ́rin!

Irọ́ kọ́ lọmọ náà pa. Láti November 2000 ni èèyàn ò ti tán nínú ibùdó òfuurufú àgbáyé (ISS) tí wọ́n ń gbé. Ó fi nǹkan bí 400 kìlómítà ga jù wá lọ, 90 ìṣẹ́jú ló sì fi ń yí ayé po. Kí ọkọ̀ tó gbé yín láti Òṣogbo dé Ìbàdàn, wọ́n ti yí i po tán.

Àwọn kan ti dáhùn ìbéèrè yìí. Lọ́dún 2007, nínú Ràmàdánì, dókítà eegun ará Màléṣíà kan, Sheikh Muszaphar Shukor, gbéra láti Baikonur, ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́ ní Kazakhstan, lọ síbẹ̀. Kó tó lọ, àwọn àáfà ìlú rẹ̀ ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà: wákàtí ibi tó ti gbéra ni kó máa tẹ̀ lé, ìrun márùn-ún náà ni. Kíbílà ńkọ́? Bí agbára rẹ̀ bá mọ. Bí kò bá mọ ibi tí Káábà wà, kó kọjú sí ayé. Síbẹ̀, ẹnìkan nínú wa ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọláìyá ni kò jẹ́ kóun kí Alásárì. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ti omi wọn ló yà mí lẹ́nu jù. Òógùn, ooru ẹnu, àní ìtọ̀ pàápàá, ẹ̀rọ ń sẹ́ ẹ di omi mímu. Lọ́dún 2023, NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ní nínú 100 líta, àwọn ń rí 98 gbà padà. (Ẹ má sá: ọ̀pọ̀ àáfà ló ní bí àwọ̀, adùn àti òórùn ẹ̀gbin bá ti kúrò, omi mímọ́ ni.)

Wọ́n ní lẹ́yìn 2030, àwọn máa já ibùdó náà sínú òkun Pàsífíìkì. Ṣáínà ti ní tiwọn, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni náà sì ń kọ́ tuntun. Ìyá ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ kó mú ìṣirò àti kéwú pọ̀. Ifásitì Ifẹ̀ tí kò jìnnà yìí ni ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú ti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wà.

Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ẹ̀kún àtẹ́wọ́ méjì omi ló fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹ̀rọ omi ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àwọn obìnrin ṣì ń jò. Púlọ́ńbà ń bọ̀ ní Sátidé. Títí dìgbà náà, bútà ni ká máa lò.