Ọwọ́ ẹni ni ká kọ́kọ́ wò kí a tó ra Glock

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí, tí ọ̀kan nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà kọ, ló mú mi gbé gègé. Ẹni náà ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ Glock 19 lónìí, Gen 5, ìyẹn ìran karùn-ún tí ilé iṣẹ́ náà ṣe, ni kó rà, pé Gen 3 àti Gen 4 ti di ohun àtijọ́, pé ẹni tó bá rà wọ́n kàn fowó ṣòfò ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ̀nà. Ó lè ti àwọn èèyàn wa sí ìnáwó tí kò nídìí, pàápàá àwọn obìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lóru tí wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi dáàbò bo ara wọn.

Iṣẹ́ gáàdì tó ń gbé ìbọn ni mò ń ṣe ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas. Lọ́jọ́ Sátidé tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń mú àwọn ará ìjọ wa àti àwọn ará àdúgbò Alief lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, awakọ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta oúnjẹ ilé ní òpópónà Bissonnet náà wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ká rà nínú wọn?" Èmi náà á ní kí wọ́n na ọwọ́ wọn kí n rí i.

Ilẹ̀ Austria ni Glock ti wá. Gaston Glock, tó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ní ẹni ọdún 94, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1963. Ní 1982 ni àwọn ọmọ ogun Austria gba Glock 17 rẹ̀ wọlé. Glock 19, tó kúrú jù ú lọ díẹ̀, tí màgásíìnì rẹ̀ ń gba ọta 15, dé ní 1988. Láti ìgbà yẹn, ọ̀nà tí ìbọn náà ń gbà ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ààbò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni ahọ́n kékeré tó wà lójú tírígà, kò sì sí bọ́tìnnì tí èèyàn máa ń fi àtàǹpàkò tì sísàlẹ̀ kó tó yìn ín. Ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan yí padà jù lọ ni bí ìbọn náà ṣe ń jókòó sínú ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí wọ́n na ọwọ́.

Gen 3 jáde ní 1998. Wọ́n gbẹ́ ojú ìka síwájú èèkù rẹ̀, wọ́n sì ṣe ojú irin sábẹ́ iwájú rẹ̀ tí èèyàn lè so tọ́ọ̀ṣì mọ́. Tí ìka rẹ bá bọ́ sínú àwọn ojú yẹn, ìbọn náà yóò rọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ dáadáa, ìwọ náà yóò mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà kò mọ bí ìka ẹni ṣe tóbi tó. Awakọ̀ kan wà láàárín wa tí ìka rẹ̀ ki gan-an. Gegele àárín ojú ìka méjì ló máa ń wà lábẹ́ ìka rẹ̀ gan-an. Kó tó yin páálí ọta kan tán, tí í ṣe 50, ó ti ń gbọn ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀, tí ìka tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, di ìbọn kan náà mú, ó sì ní òun kò fẹ́ òmíràn mọ́. Ìran wo ni ká wá sọ pé ó dára jù fún ìdílé yẹn?

Bí mo ṣe ń wọn ọwọ́ nìyí. Màá kọ́kọ́ yọ màgásíìnì, màá fa irin òkè sẹ́yìn, èmi àti ẹni náà yóò jọ fojú wo ihò ọta, a ó sì ti ìka bọ̀ ọ́ kó dá wa lójú pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá ní kó di èèkù mú, kí àlàfo àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ gun òkè pátápátá lẹ́yìn ìbọn, kí ìbọn àti egungun apá rẹ̀ sì wà lórí ìlà kan. Bó bá di í mú báyẹn, tí orí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sì dé ojú tírígà láìjẹ́ pé ó yí ọrùn ọwọ́, ìbọn náà bá a mu. Bó bá jẹ́ pé àfi kó yí ọwọ́ kí ìka tó dé ibẹ̀, ìbọn yóò máa ta lu eegun ìdí àtàǹpàkò rẹ̀, ọta yóò sì máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Bàbá mi, ọdẹ ni nígbà ayé rẹ̀ ní apá Òkè Ògùn, kì í fún ẹnikẹ́ni ní ìbọn ṣakabùlà láìkọ́kọ́ gbé ìdí rẹ̀ lé èjìká onítọ̀hún kó wò ó. Ọgbọ́n kan náà ni.

Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń ṣiṣẹ́ òru wá bá mi pẹ̀lú Gen 3 tí ọkọ rẹ̀ rà fún un. Ìka rẹ̀ kò dé tírígà dáadáa. Mo gbé Gen 4 fún un, ó dé e. Gen 4, tó jáde ní 2010, ló mú ẹ̀yìn èèkù tí a lè pààrọ̀ wá: bí èèyàn kò bá fi èyíkéyìí sí i, èèkù náà yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 2 sún mọ́ tírígà ju ti Gen 3 lọ, bí ọwọ́ bá sì tóbi, ó lè fi àfikún kan sí i. Mìlímítà 2 yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ fún obìnrin yìí. Mo gbà pé Gen 5 náà ní ẹ̀yìn èèkù tí a lè pààrọ̀. Àmọ́ Gen 4 tí àwọn ọlọ́pàá ìlú kan lò tí wọ́n dá padà ló rà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti tuntun gan-an. Àwọn ìbọn ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ máa ń ha lára nítorí akọ̀ tí wọ́n ń fà wọ́n yọ láti inú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú wọn sábà máa ń dára, torí pé gbígbé ni wọ́n ń gbé wọn ju yíyìn lọ.

Ohun kan wà tí ẹni tó fẹ́ ra Gen 4 àlòkù gbọ́dọ̀ bi ẹni tó ń tà á. Sípíríìngì méjì tó wọnú ara wọn ló wà níwájú Gen 4, níbi tí Gen 3 ti ní ẹyọ kan. Àwọn sípíríìngì tó kọ́kọ́ jáde kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ nínú àwọn ìbọn kan, ilé iṣẹ́ Glock sì sọ ní 2011 pé àwọn yóò pààrọ̀ wọn fún àwọn tó ni ín lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìbọn náà bá ti ṣáájú àkókò yẹn, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ tirẹ̀.

Mi ò kórìíra Gen 5 o. Ní 2017 ló jáde, wọ́n yọ ojú ìka kúrò níwájú èèkù rẹ̀, èyí sì wu ọ̀pọ̀ èèyàn. Fún ọlọ́wọ́ òsì, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ mú jáde. Irin tó ń dá òkè ìbọn dúró sẹ́yìn wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀, a sì lè gbé bọ́tìnnì tó ń yọ màgásíìnì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Gen 4 ní ti bọ́tìnnì yẹn, kò ní ti irin. Gen 3 kò ní ìkankan. Kí ọlọ́wọ́ òsì mọ̀ pé tó bá ti gbé bọ́tìnnì náà sódì kejì, màgásíìnì àtijọ́ ti ayé Gen 3 kò ní dúró nínú rẹ̀ mọ́, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gé ojú sí lára rẹ̀.

Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń di ti àgbà, bí èmi, tí kò rí ṣóńṣó iwájú ìbọn kedere mọ́, lè wá èyí tí wọ́n kọ MOS sí lára, yálà Gen 4 tàbí Gen 5. Ilé iṣẹ́ ti gé òkè rẹ̀ sílẹ̀ fún awò oníàmì pupa. Àmì pupa kan ṣoṣo ni ojú yóò máa wò, kò ní máa sáré láàárín ṣóńṣó iwájú àti ti ẹ̀yìn.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ní ọta Gen 5 máa ń ba ibi tí a fojú sùn ju ti àwọn yòókù lọ nítorí ọ̀nà ọta tuntun tí wọ́n ṣe sínú rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́nà jíjìn, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n yìn. Ṣùgbọ́n yáàdì 7 ni mo máa ń gbé páálí tí wọ́n ń yìnbọn sí sí fún àwọn tí mò ń kọ́. Bí wọ́n bá tàsé níbẹ̀, fífà tí wọ́n fa tírígà tagbára-tagbára ló fà á. Ìran Glock kankan kò wo ìyẹn sàn. Owó tó bá ṣẹ́ kù lára Gen 3 tàbí Gen 4, ẹ fi ra ọta, ẹ fi san owó ẹ̀kọ́, kí ẹ sì ra àpótí oníkọ́kọ́rọ́. Ní Texas níbí, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 rí ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ gbé nítorí àìbìkítà wa.

Ìpínlẹ̀ ibi tí èèyàn ń gbé náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Ní California, fún ọdún púpọ̀, Gen 3 nìkan ló wà nínú àwọn Glock tí ìjọba ní kí ilé ìtajà tà fún aráàlú. Ní oṣù Kẹwàá 2025 ni Gómìnà Gavin Newsom tún buwọ́ lu òfin tó ní kí wọ́n dáwọ́ títà irú ìbọn yìí dúró láti oṣù Keje 2026. Ní New York àti New Jersey, màgásíìnì tó ń gbà ju ọta 10 lọ kò bófin mu. Ẹni tó wà ní irú ibẹ̀ tó wá ń bá èmi ará Texas jiyàn lórí ọta 15 ń fi àkókò ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò lè má sọ. Àwọn kan máa ń ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi rà á ní orúkọ yín." Mi ò ní ṣe é, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Fọ́ọ̀mù 4473 tí èèyàn ń kọ sí ní ilé ìtajà bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ni ó ń rà á fún, irọ́ níbẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ní green card lè rà. Ẹni tó wà níbí pẹ̀lú físà àbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, òfin kò gbà fún un àyàfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì dì í sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tàbí dúrọ́ọ̀mù tó ń fi ránṣẹ́ sí Èkó. Lábẹ́ òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959, aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn ìléwọ́ láìsí àṣẹ Ààrẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò sì dín ní ọdún 10.

Ní ìparí, mo bẹ̀ yín, Olóòtú, kí ẹ bá mi fi lẹ́tà ńlá tẹ èyí, torí pé kò sí nínú lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé òǹkọ̀wé náà ṣàlàyé bí a ṣe ń tú ìbọn náà láti nù ún. Láti Gen 1 títí dé Gen 5, kí Glock tó lè tú, èèyàn gbọ́dọ̀ fa tírígà rẹ̀. Bí ọta kan bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, ó máa yìn. Ẹ yọ màgásíìnì kọ́kọ́, ẹ fa irin òkè sẹ́yìn lẹ́yìn náà, ẹ wo ihò ọta, ẹ fi ìka kàn án, kí ẹ sì kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò sí ènìyàn kí ẹ tó fọwọ́ kan tírígà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Tóbi,
Houston, Texas.